Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Gíwá àti Ẹ̀yin Ọ̀gá Ilé Ìwòsàn ní Èkìtì: Okùn Gíláàsì Tó Lè Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò

Sí ẹ̀yin Gíwá yunifásítì wa gbogbo, àti ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó àti ní Ìdó,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú uṣẹ́ o, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ nílé. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, n kì í sì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni pé mo máa ń so okùn fáíbà pọ̀ fún àwọn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìlú. Bí ẹ bá ti rí àwọn tó jókòó sábẹ́ àgọ́ kékeré lẹ́bàá títì Adó sí Ìkẹ́rẹ́, tàbí lọ́nà Ìwòrókò, tí wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kan bí ẹni tó ń tún aago ṣe, irú wa nìyẹn. Gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá ti ilé-ẹ̀kọ́ kan tàbí ti ilé ìwòsàn kan, n kò sì mọ ilẹ̀kùn ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ kàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Okùn gíláàsì tí à ń rì mọ́ ilẹ̀ Èkìtì yìí kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ó lè wọn ooru ara, ó lè wọn ìfúnpá inú agbárí, ó lè mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè tú àṣírí májèlé tó bá fara pamọ́ sínú gààrí. Àwọn tó mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ yìí, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwa tí ọwọ́ wa mọ okùn náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kò mọ ara wa. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ̀yin jẹ́ kí a mọ ara wa, kí ẹ sì gbé tábìlì kan kalẹ̀ tí a ó jọ jókòó tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàdédé wọ̀ mí lọ́kàn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Mímí ń ni wọ́n lára. Wọ́n fi ohun kékeré tí ń há ìka, tó ń wọn iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, sí wọn lọ́wọ́, ó ń tan iná pupa, ó sì kọ 95. Nọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà náà dára. Èmi ń wo ìyá mi, n kò rí ohun tó dára níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ní ìka kan, wọ́n fi há òmíràn, ó di 93, ó tún di 96. Àyẹ̀wò tí ì bá fọhùn tán pátápátá, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn bọ̀, kò ṣeé ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ara ìyá mi padà yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa ohun tí iná pupa yẹn ń wá nínú ìka ènìyàn, nítorí pé iná ni èmi náà fi ń jẹun.

Ohun tí mo rí kà nìyí. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Japan, ló gbé ọgbọ́n náà jáde ní 1974. Irú ìmọ́lẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ náà ń rán gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa tó jẹ́ nǹkan bíi 660 nánómítà (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà ni nánómítà, òun la fi ń díwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), èkejì tí ojú kò lè rí tó jẹ́ nǹkan bíi 940. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn dání máa ń jẹ́ kí pupa kọjá ju ẹ̀jẹ̀ tí kò ní i lọ, ti ìmọ́lẹ̀ kejì sì yàtọ̀ sí èyí. Láti inú ìyàtọ̀ méjèèjì, bí iṣan ti ń lù, ni ẹ̀rọ ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé aró dúdú inú awọ wa náà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ìka sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an wé e. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn wọn ti wà nísàlẹ̀ 88 ní tòótọ́. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 3.6 ni. N kò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi nìyẹn, nítorí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a lè fi wé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọn kò fi awọ wa dán wò tó lè ka awọ mọ́ ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà ju ibi tí gbogbo wa ti dúdú lọ.

Okùn fáíbà kò ní láti gba inú awọ wò. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi okùn gíláàsì kọjá nínú ọ̀pá tín-ín-rín wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ lọ, tí yóò kan ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì padà wá ròyìn. Títí di òní, irú okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an láti mọ iye ọ́síjìn tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn. Nígbà tí mo ka èyí, mo wo ìdì okùn tó wà lẹ́yìn mọ́tò mi, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ohun tí okùn náà jẹ́, kì í ṣe fún ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe fún àwọn ará ilé tí yóò ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú yín. Okùn kan ṣoṣo, láìka ike tí wọ́n fi bò ó, kò nípọn ju 125 máíkrómítà lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà. Àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ wà, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi máíkrómítà mẹ́sàn-án lọ. Gíláàsì ni, gíláàsì mìíràn tó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí i ló yí i ká, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sọ́nà nígbàkígbà tó bá fẹ́ yà. Ní Geneva, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, Daniel Colladon ti fi omi tó ń tú jáde láti ẹnu ihò han àwọn ènìyàn pé ìmọ́lẹ̀ lè tẹ̀lé omi náà bó ti ń tẹ̀ kọrọdọ. John Tyndall tún ṣe irú rẹ̀ ní London ní 1854. Gíláàsì òde òní mọ́ débi pé bí ìmọ́lẹ̀ bá rin kìlómítà 15 nínú rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì máa dé ibẹ̀. Charles Kao tó fi hàn pẹ̀lú George Hockham ní 1966 pé èyí lè ṣeé ṣe gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí fáíbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣègùn ló kọ́kọ́ rí i lò dáadáa. Ní 1957, Basil Hirschowitz, dókítà ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan, gbé ìdì okùn gíláàsì mì fúnra rẹ̀ kó tó lò ó fún aláìsàn, kí wọ́n lè fi ojú rí inú ikùn láìla ikùn. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1970, ni ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà tó ṣe gíláàsì tó mọ́ tó fún ìbánisọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, bí mo bá ní kí okùn náà padà wá sí ilé ìwòsàn, ilé rẹ̀ ni mo ní kó padà sí.

Nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kan wà tí à ń pè ní OTDR. A ó fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sínú okùn láti ẹnu kan, a ó sì máa retí ìwọ̀nba tó bá ta padà. Bí katakata bá ti já okùn níbì kan lọ́nà Ifàkì, ẹ̀rọ náà á sọ iye kìlómítà tó jìnnà sí wa, kò sì ní sí pé à ń rìn kiri inú igbó. Ọmọ iṣẹ́ tún máa ń kọ́ ohun kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: má ṣe tẹ okùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá ká a mọ́ ìka, ìmọ́lẹ̀ á jò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, jíjò náà á sì hàn sí i bí a bá lo ìmọ́lẹ̀ 1550 nánómítà ju bí a bá lo ti 1310 lọ. Àléébù ni èyí jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ní Singapore sọ àléébù náà di ìwúlò: wọ́n tẹ́ okùn sáàárín aṣọ, wọ́n fi sábẹ́ ibùsùn, bí aláìsàn bá mí, tí ọkàn rẹ̀ sì lù, okùn á tẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka mímí àti lílù ọkàn rẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun kan ara rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú èyí tí àwa tí ń jó fáíbà, ìyẹn àwa tí ń fi iná so ó pọ̀, kò mọ̀. A kàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọ̀gá yóò fi bínú sí wa ni.

Ọgbọ́n tó ga ju èyí lọ ni ti ilà tí wọ́n ń kọ sínú okùn, tí wọ́n ń pè ní Bragg grating. Ní 1978, Ken Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ottawa, ní Kánádà, rí i pé ìmọ́lẹ̀ lè fi ilà sílẹ̀ nínú gíláàsì láìsí abẹ. Ní 1989, Gerald Meltz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tirẹ̀ fi hàn bí a ṣe lè kọ ilà náà láti ẹ̀gbẹ́ okùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí. Ẹ rántí bí àwọn àgbà ṣe máa ń wo ilà ojú, tí wọn á sì mọ ìlú tí ẹni náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ti okùn yìí: ilà tó tẹ̀lé ara wọn ní àlàfo kan náà máa ń dá ẹyọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo padà, tó jẹ́ pé àwọ̀ náà ni a fi ń dá a mọ̀. Bí okùn bá gbóná, gíláàsì á yí padà, àwọ̀ náà á sì sún, nǹkan bíi píkómítà mẹ́wàá fún ìwọ̀n ooru kan ní ìmọ́lẹ̀ 1550, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nánómítà. Nítorí pé ilà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, a lè kọ mẹ́wàá sórí okùn kan, kí a sì mọ ooru ibi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníṣègùn tó ń fi ooru pa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ nílò irú èyí gan-an, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ooru dé kó má baà jó èyí tó yè. Òṣùwọ̀n onírin á gbé ìtànṣán ẹ̀rọ wọn, á sì purọ́. Gíláàsì kì í gbé iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kì í fa ìjà pẹ̀lú irin oofà ńlá inú ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara.

Ó tún wà ní ti ìfúnpá. Wọ́n lè fi awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo orí okùn, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín awẹ́ náà àti ẹnu gíláàsì. Bí ìfúnpá bá tì í, àlàfo á yí padà, ìmọ́lẹ̀ tó padà bọ̀ á sì sọ iye tó jẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń tì bọ inú agbárí ẹni tó fi orí gbá níbi ìjàǹbá ọkọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọpọlọ ń wú. Ẹni tó bá mọ iye ọ̀kadà tó ń ṣubú lójú títì wa kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi mẹ́nu kan èyí.

Ẹ̀yin Gíwá, ibi tí mo rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni Ìkọ̀gòsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Omi gbígbóná ibẹ̀ máa ń jáde láti inú àpáta ní nǹkan bíi 70 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó sì ń tutù bó ti ń ṣàn títí tó fi pàdé omi tútù, níbi tó ti wà ní ìwọ̀n tí kò jìnnà sí ti ara ènìyàn. Ọlọ́run ti to ìwọ̀n ooru lọ́wọ̀ọ̀wọ́ síbẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi okùn wọn ooru lè tẹ́ okùn rẹ̀ sójú omi náà láti orísun dé ìpàdé, kó fi òṣùwọ̀n lásán wé e, kó sì mọ ibi tí okùn rẹ̀ ti ń ṣìnà kó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ aláìsàn. Gíláàsì kì í dípẹtà nínú omi, kò sì sí ẹni tí iná yóò gbé.

Apá tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti kẹ́míkà, nítorí pé oúnjẹ wa wà níbẹ̀. Ní 1980, John Peterson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fi aró tí wọ́n ń pè ní phenol red sí orí okùn ike tín-ín-rín méjì. Aró náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ohun tó kàn bá kan, á sì pupa bí kíkan rẹ̀ bá dín kù. Okùn kan gbé ìmọ́lẹ̀ lọ, èkejì gbé e bọ̀, wọ́n sì fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó láìfa ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn ìyá wa aláró ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀lú kò ní mú aṣọ bí omi eérú kò bá dára, tí wọ́n sì ń fi ojú àti ahọ́n mọ̀ bóyá ìkòkò ti ṣetán.

Ọ̀nà kejì ni ti okùn tí a bọ́ láṣọ. Bí a bá yọ gíláàsì àyíká kúrò, tàbí tí a fa okùn náà nínú iná títí tó fi tín-ín-rín gan-an, díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ á yọ sóde, kì í ṣe pé ó jò lọ, ó kàn yọ orí bí ìgbín tó ń wo ojú ọjọ́, kò sì ju ọgọ́rùn-ún sí igba nánómítà lọ sínú ohun tó bá yí i ká. Bí a bá wá lẹ ańtíbọ́dì mọ́ ara okùn níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí kì í di ohun mìíràn mú àfi èyí tí a dá a fún, gbogbo ohun tó bá dì mú ni ìmọ́lẹ̀ máa mọ̀. Wọ́n tún lè fi wúrà bò ó, wúrà tí kò nípọn ju nǹkan bíi 50 nánómítà lọ. Jorgenson àti Yee ṣe irú rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní 1993. Aládùúgbò wa ní Ìjẹ̀ṣà ń wa wúrà láti inú ilẹ̀. Ohun tí okùn kan nílò nínú rẹ̀ kò tó èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ.

Ta ni a ó wá fi ṣọ́? Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń kọ̀wé pé kí a kọ́kọ́ wá jẹjẹrẹ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kí a kọ́kọ́ wá ohun tó wà nínú abọ́ wa. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní sayanáìdì tó so mọ́ ara rẹ̀. Rírọ, kíkan, fífún àti yíyan ni a fi ń lé e jáde. Àwọn tó ń kánjú ọjà kì í jẹ́ kó kan tó. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex kò fẹ́ kí sayanáìdì inú gààrí ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Bébà kan wà tí wọ́n ń rì sínú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní picrate, tó máa ń kúrò ní rẹ́súrẹ́sú di bíi àwọ̀ obì gbígbẹ bí sayanáìdì bá fẹ́ sí i. Ojú ènìyàn ni wọ́n sì sábà máa ń fi kà á. Ojú mi àti ojú yín kò rí àwọ̀ bákan náà, pàápàá nírọ̀lẹ́. Okùn méjì, iná LED kan àti ohun kékeré tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ lè ka bébà náà, wọn á sì fi nọ́ńbà sọ̀rọ̀. Iye owó tí ó máa ná wa kò ní ju ti títún fóònù ṣe ní Adó lọ.

Ti àgbàdo àti èlùbọ́ ṣòro ju èyí lọ, ó sì léwu jù ú lọ. Èbu tó ń hù lára ọkà tí kò gbẹ dáadáa máa ń pọ aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Kẹ́ńyà, ní 2004, àgbàdo tó ti bu mú ènìyàn 317, ó sì pa 125 nínú wọn. Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà ju máíkrógíráàmù 4 lọ nínú kílò ọkà tó ti di jíjẹ, èyí tó dà bí gíráàmù 4 nínú ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù. Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n aflatoxin ní ìwà kan tó ń tú u fó: bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí i, òun náà á tàn, oríṣi kan nínú rẹ̀ á tàn bíi búlúù, òmíràn bíi àwọ̀ ewé. Okùn lè gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ sínú omi tí a fi fọ ọkà, kó sì gbé títàn náà padà wá. Mo mọ̀ pé nǹkan mìíràn nínú ọkà náà lè tàn, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti ya ìmọ́lẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yunifásítì.

Kí ni mo ń bẹ̀ yín fún gan-an? Ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì àti kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Èkìtì, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ọyẹ́ tó wà ní Ìkọ́lé, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD), Pólì Adó, yunifásítì Ìkẹ́rẹ́, àwọn láàbù ilé ìwòsàn ní Adó àti Ìdó: kí gbogbo wọn ní yàrá kan tí wọ́n lè jọ máa lò, láìka ibi tó bá wà sí, kí àwa tí ń jó fáíbà sì ní àṣẹ láti wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń bi wá ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2020 ìjọba ìpínlẹ̀ yìí já owó tó ń gbà lórí gbígbẹ́lẹ̀ fún okùn láti 4,500 náírà sí 145 fún mítà kan, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè rí àyè wọlé. Bí okùn ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àjákù ń pọ̀. Èyí tí kò gùn tó láti so mọ́ ohunkóhun, mítà mẹ́wàá, mítà ogún, sísun la ń sun ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ físíìsì lè máà rí mítà kan fọwọ́ kàn títí yóò fi gboyè jáde. Ẹ̀rọ tí mo fi ń jó okùn pọ̀, iná kékeré inú rẹ̀ yẹn náà lè fa okùn kó tín-ín-rín fún irú iṣẹ́ tí mo sọ sókè yìí. Mo ti dán an wò lálẹ́, nínú ilé mi. Mo ba mẹ́rìnlá jẹ́ kí n tó rí ẹyọ kan tó dúró.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Ilé Ìwòsàn, ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin fún kéré sí i, ó sì le sí i. Nígbàkígbà tí dókítà yín bá fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ọ́síjìn, kí ẹnì kan kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ìka sọ ní ìṣẹ́jú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ sọ. Kò gba owó. Kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwà ìwádìí yín fọwọ́ sí i, kí orúkọ aláìsàn má sì sí níbẹ̀. Láàárín ọdún kan, a ó mọ bí ẹ̀rọ ìka ṣe ń ka awọ Èkìtì, a ó sì ní ohun tí a lè fi díwọ̀n èyíkéyìí tí a bá fọwọ́ ara wa ṣe.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ti okùn mi bọ inú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí gíláàsì ń ṣe. Bí a bá gé okùn, èérún rẹ̀ máa ń ta, ó máa ń wọ ìka, a kì í rí i, irora rẹ̀ sì lè wà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí a kì í jẹun nítòsí tábìlì iṣẹ́. Okùn oníke tó ń tẹ̀ láìfọ́ wà tí àwọn kan ń lò fún inú ara, ìyẹn gan-an sì gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ NAFDAC. Kí a fi gààrí, ọkà, omi àti ìtọ̀ inú ìgò bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ríra ẹ̀rọ ńlá tó ń ka Bragg grating. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Mo ti rí irú rẹ̀ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan: wọ́n pe àwọn ènìyàn wá ṣí i, wọ́n ya fọ́tò, aṣọ tí wọ́n fi bò ó ló sì ń gba eruku títí di ìgbà tí mo fi wò ó kẹ́yìn. Iná LED àti bátìrì ni kí a kọ́kọ́ mọ̀ lò. Kódà, LED kò ní kọ iná tó ń ṣẹ́jú lára wa. Bátìrì fóònù kan lè gbé e di òwúrọ̀.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ẹni tó ka ìwé ni èyí, kí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì gbájú mọ́ ti ọwọ́ rẹ̀. N kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ní ìwé ẹ̀rí físíìsì láti yunifásítì yín, àwọn ọmọ Ìjerò, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ọmọ Ọ̀tùn, tí wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń yọ orí jáde lára okùn tín-ín-rín. A ń jẹ iyán lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ní Ìgèdè, ó fi omi ọbẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì olóúnjẹ, ìyá náà sì pariwo lé e lórí.

Mo ti kó àjákù okùn jọ, ó tó nǹkan bí irinwó mítà, mo ti ká a dáadáa sórí ìkáwọ́ mẹ́fà, mo sì ti bo ẹnu gbogbo rẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀. Bí Gíwá kan tàbí Ọ̀gá Ilé Ìwòsàn kan bá lè sọ fún mi orúkọ yàrá tí mo lè gbé e wá sí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi yẹn yóò gbé e wá, a ó sì gbé ẹ̀rọ ìjófáíbà dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ajófáíbà kan, ní Adó-Èkìtì